Kàlẹ́ńdà Olóyè Dókítà Bọ́dúndé

Kí n tó sọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, ó di dandan kí n pe orúkọ rẹ̀ tán, nítorí kì í dáhùn bí wọ́n bá fo ẹyọ kan nínú rẹ̀. Olóyè Dókítà Bọ́dúndé Adéjìmí, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Dókítà Ìdílé ní Àwọn Ilé Ìwòsàn Kéékèèké Abúlé. Ẹ mí kanlẹ̀. Mo ṣì fo oyè mẹ́ta kí ìwé má baà kún.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Fola Agoro, ní Ṣómólú, lókè ilé alájà kan tí àwọn agẹrun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ àjọ tó ń darí gùn ju pátákó tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí lọ, nítorí náà Àjọ Dókítà Abúlé ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá àjọ náà sílẹ̀ dára, mi ò ní purọ́. Dókítà tó bá fẹ́ di dókítà ìdílé, wọ́n á rán an lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé fún ọdún méjì, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà dókítà tó ti pẹ́ níbẹ̀. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, bí wọ́n ṣe ń rán ojú egbò, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ibà ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń jókòó ti bàbá arúgbó tí nǹkan ń dùn ṣùgbọ́n tí kò mọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́. Nílùú ńlá, bí orí bá ń fọ́ èèyàn, dókítà orí wà. Ní abúlé, dókítà kan náà ló ni orí, òun náà ló ni ẹsẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí ìtàn yìí kàn wà ní Ìdí-Ọsàn, ní òdìkejì ọ̀sà. Béèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí omi Bariga, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni yóò fi dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, àti Dókítà Ògúnmọ́lá, bàbá kan tó ti ń wo aláìsàn níbẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí Olóyè ti dórí oyè, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ìdí-Ọsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó fà á kò le rárá: Olóyè ń bẹ̀rù omi. Kì í ṣe ọ̀sà nìkan o. Wọ́n ní bí omi bá ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ní balùwẹ̀, igbe ló ń ké. Ìbẹ̀rù omi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ẹni tí kò dé ibì kan ń fọwọ́ síwèé pé òun wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà. Olúkúlùkù dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ló ní ìwé iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá gbẹ̀bí, á kọ ọ́ sínú rẹ̀. Bó bá la eéwo, á kọ ọ́. Àgbà dókítà tó dúró tì í lọ́jọ́ náà ni yóò fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó dúró tì ọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn olùyẹ̀wò á wá wo ìwé náà, bó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, dókítà náà á lọ ṣe ìdánwò ìkẹyìn.

Olóyè kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lórí oyè nígbà tí wọ́n gbé àwọn ìwé náà wá fún un. Ó ṣí ti Dókítà Táwà, obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdí-Ọsàn. Ó ka ojú ewé kan, ó ka èkejì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Isiaq!"

Isiaq ni akọ̀wé rẹ̀. Ẹnu ọkùnrin yìí kì í gbẹ fún ìyìn. "Olóyè Dókítà! Òpó tó gbé ilé ró!"

"Ta ni Ògúnmọ́lá?"

"Dókítà tó wà ní Ìdí-Ọsàn ni, sà. Òun ló ń kọ́ wọn níṣẹ́."

"Òun ló ń kọ́ wọn? Èmi wá ńkọ́? Ṣé ẹyin ni mo sàba lé lórí àga yìí ni?"

Isiaq mọ̀ pé irú ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Olóyè, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ wọn. Ògúnmọ́lá kàn ń bá yín dúró síbẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olóyè létí bí oyin. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ ìwé àṣẹ kan, tó sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri: "Láti òní lọ, ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ni àjọ yìí mọ̀. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ wọ ayé, eyín kan kò gbọdọ̀ jáde, eéwo kan kò sì gbọdọ̀ tú ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí lábẹ́ wa, àfi lábẹ́ àbójútó Olóyè Dókítà Bọ́dúndé Adéjìmí fúnra rẹ̀." Mi ò mọ bí eéwo ṣe ń gba àṣẹ kó tó tú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí oṣù bá ti parí, àwọn ìwé iṣẹ́ á wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Bariga, wọ́n á gba ibẹ̀ dé Fola Agoro. Olóyè á gbé bírò aláwọ̀ ewé rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó tún ní kí wọ́n ṣe òǹtẹ̀ kan fún òun tó kà báyìí: O KÁRE! ÈMI NI MO DÚRÓ TÌ Í. Á tẹ òǹtẹ̀, á fọwọ́ sí i, á ṣí ojú ewé. Kó tó mu tíì rẹ̀ tán láàárọ̀, ó ti gbẹ̀bí ọmọ mọ́kànlá.

Dókítà Táwà, ọmọ àdúgbò Pedro ni. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ níbẹ̀ dòní, gbogbo oníbàárà tó bá sì wá gba aṣọ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ọmọ òun tó fẹ́ di dókítà àgbà. Ìgbà tí Táwà rí òǹtẹ̀ náà nínú ìwé rẹ̀, kò sinmi. Ó wọkọ̀, ó sọdá, ó gun òkè ọ́fíìsì lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ìwé mi ni mo bá wá, sà. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí wá lóṣù tó kọjá, Dókítà Ògúnmọ́lá ló dúró tì mí. Ọwọ́ wọn wà lórí ọwọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ wá fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló burú níbẹ̀?"

"Sà, tí àwọn olùyẹ̀wò bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fagi lé ọdún méjèèjì. Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á sì gba àṣẹ ìkọ́ni lọ́wọ́ ilé ìwòsàn yẹn. Bàbá ti dàgbà, sà. Tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, ta ló máa wá wo àwọn ará Ìdí-Ọsàn?"

Olóyè dìde. Ó ti agbádá sókè èjìká. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bó bá ti ti agbádá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ló ń bọ̀.

"Ọmọbìnrin yìí, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àbójútó? Oòrùn wà lókè. Kò sọ̀ kalẹ̀ wá sí oko ẹnikẹ́ni rí, síbẹ̀ àgbàdo ń hù. Èmi ni oòrùn. Ìdí-Ọsàn ni oko. Ìwọ wá ni..." Ó wo akọ̀wé rẹ̀.

"Àgbàdo, sà," ni Isiaq wí.

"Ìwọ ni àgbàdo! Ṣé àgbàdo máa ń bi oòrùn pé, 'Níbo lo wà lánàá?'"

"Rárá, sà."

"Bó ò bá fẹ́ ìbuwọ́lù mi, sọ ọ́, kí n fagi lé e. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa ṣí yàrá ìdánwò fún ọ."

Táwà gbé ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi tí mò ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọdún méjì mi wà, màá ti pè é ní oòrùn. Ó padà sí Ìdí-Ọsàn, ó sọ fún Dókítà Ògúnmọ́lá, ó sì sunkún. Bàbá ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó nù ún gbẹ kó tó dáhùn.

"Jẹ́ kó fọwọ́ sí tirẹ̀. Èmi á máa kọ tèmi."

Tirẹ̀ náà ni ìwé kékeré kan bí irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tí àtẹ ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójoojúmọ́, kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, á kọ ohun tí Táwà ṣe lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ó kà á rí.

Bó ṣe wà nìyẹn fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Bí nǹkan bá dúró bẹ́ẹ̀, bóyá Olóyè ìbá jẹ ayé rẹ̀ gbó. Irọ́ tó bá dákẹ́ sójú kan máa ń pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n Olóyè kì í ṣe ẹni tó lè dákẹ́, Ṣómólú sì kọ́ ni ìlú tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn kò lè tẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ìpè, páálí òògùn, ìwé ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn ń pọ̀ jáde tọ̀sán tòru. Oṣù tó kẹ́yìn ọdún ni Olóyè wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràmọ́nù, atẹ̀wé àgbà, Isiaq tẹ̀ lé e.

"Alhaji, mo fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà."

"Ẹ kú iṣẹ́, Olóyè. Ṣé olójú ewé méjìlá ni?"

"Kàlẹ́ńdà tí ẹ̀ ń tẹ̀ fún aráyé, kí ló ń sọ? Ó ń sọ pé òní ni ọjọ́ kẹta. Ìyẹn nìkan! Ta ni kò mọ̀ pé òní ni ọjọ́ kẹta? Mo fẹ́ kí aráyé mọ ohun tí *èmi* ṣe lọ́jọ́ kẹta!"

Ohun tó fẹ́ rèé. Nínú ihò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, kí wọ́n kọ ohun tí Olóyè ṣe ní ọjọ́ náà ní ọdún tó kọjá. Àkòrí rẹ̀: *Ní Ọjọ́ Òní Ní Èṣín*. Isiaq ní ìwé àpò kan tó máa ń kọ gbogbo ìrìn Olóyè sí, nítorí Olóyè ti sọ pé lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ iléèwé á máa kọ́ nípa òun. Ó fa ìwé náà yọ, ó gbé e fún Ràmọ́nù.

Ràmọ́nù ṣí i wò, ó yọ jígí ojú rẹ̀. "Olóyè, gbogbo ọjọ́? Ṣé kò ní pọ̀ jù?"

"Gbogbo ọjọ́! Ìtàn kì í fo ọjọ́."

"Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ wa níbí, ohun tí a bá ti tẹ̀ kì í ṣeé gbé mì mọ́ o."

Ìkìlọ̀ ni, Olóyè sì gbọ́ ọ bí oríkì. Báyìí ni kàlẹ́ńdà náà ṣe jáde, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ó ń dán. Isiaq, kí Ọlọ́run forí jì í, òótọ́ pọ́ńbélé ló kọ sínú ìwé rẹ̀. *Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìíní: Olóyè ṣí ilé epo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹfà: Olóyè sun oorun àsùnjí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà: Ọ̀fìnkìn mú Olóyè nílé, orílẹ̀-èdè bá a kẹ́dùn.* Wọ́n gbé ẹyọ kan kọ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan.

Oṣù Kejì ọdún tuntun ni àwọn olùyẹ̀wò dé, mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabina ni olórí wọn, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Bariga ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Wọ́n pe Táwà náà wá. Ó jókòó lẹ́yìn, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lórí itan. Ìdánwò ku oṣù kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu obìnrin kúkúrú yìí lè sọ ọdún méjì di òfo.

Isiaq dìde, ó ki Olóyè fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Olóyè náà dìde.

"Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ sí orísun ìmọ̀! Kí ni dókítà ìdílé? Dókítà ìdílé ni ẹni tó ń wo orí, tó ń wo ẹsẹ̀, tó sì ń wo gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ta ló sì ń wo dókítà ìdílé? Èmi ni! Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní Ìdí-Ọsàn tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i!"

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí Isiaq ti fojú sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabina gba ìwé Táwà, ó ṣí i, ó sì kà á fún ìgbà díẹ̀. Ó gbójú sókè sí ògiri, ó rí kàlẹ́ńdà.

"Olóyè, kàlẹ́ńdà yìí mà dára o."

Ẹ wo ojú Olóyè! "Ẹ máa mú méjì lọ sílé, Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ẹ mú mẹ́ta!"

"A dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ṣe ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta?"

Olóyè rìn lọ sídìí ògiri, ó ṣí kàlẹ́ńdà, ó sì kà á bí ẹni tó ń wàásù. "Olóyè Dókítà Bọ́dúndé Adéjìmí gba àmì-ẹ̀yẹ Aṣáájú Rere ní Dùbáì!"

"Ẹ kú oríire. Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kà nínú ìwé, "Dókítà Táwà gbẹ̀bí ìbejì ní Ìdí-Ọsàn. 'O káre, èmi ni mo dúró tì í.' Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà ńkọ́, Olóyè?"

Isiaq ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó húkọ́ bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun. Olóyè kò wẹ̀yìn. Ìyìn ti dí i létí.

"Ọ̀fìnkìn mú Olóyè nílé! Orílẹ̀-èdè bá a kẹ́dùn!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lọ́jọ́ yẹn, Dókítà Táwà rán ẹsẹ̀ apẹja tí irin ya. 'Èmi ni mo dúró tì í.' Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án?"

"Olóyè wà ní Abúja, ó bá àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn jẹun..." Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wo kàlẹ́ńdà. Ó wo Isiaq, Isiaq wo ilẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Olóyè kò tiẹ̀ lọ jìnnà, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá òtítọ́ sáré wá pàdé rẹ̀.

Ọkùnrin mìíràn ìbá tọrọ àforíjì níbẹ̀. Olóyè ti agbádá sókè. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ tó! Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú báyìí, Bariga ni mò ń lọ tààrà, màá wọ ọkọ̀ ojú omi, màá gbẹ̀bí, màá sì padà. Ọ̀sà yẹn mọ̀ mí! Ẹja ibẹ̀ mọ̀ mí lórúkọ!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabina wí. Ó di ìwé náà, ó dìde. "Ọmọ etí omi ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ẹ ṣíwájú wa, ká lọ kí àwọn ẹja náà."

Etí omi Bariga kò jìnnà sí Fola Agoro, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Olóyè rìn bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní bóyá kí Ìdí-Ọsàn wá bá wọn níbí. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì mọ́ ọn láyà fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbéra. Bí ọkọ̀ ṣe fò sókè lórí ìgbì àkọ́kọ́, Olóyè di Isiaq lọ́rùn mú. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, akọ̀wé kò lè mí, ọ̀gá kò lè la ojú.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ti dé Ìdí-Ọsàn lẹ́ẹ̀kan máa ń mọ̀: ọkọ̀ kì í dé èbúté níbẹ̀. Omi kò jìn létí bèbè, nítorí náà gbogbo èrò á bọ́ bàtà, wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á sì bọ́ sínú omi dé orúnkún. Táwà ti bọ́ bàtà tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó bọ́ tirẹ̀ náà. Olóyè jókòó sí àyè rẹ̀ nínú bàtà dídán.

"Níbo la máa bọ́ sí?" ni ó bèèrè.

Awakọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "Daddy, na here be bus stop. Enter water."

Olóyè na ẹsẹ̀ kan, ó yọ̀, ó sì jókòó sínú ọ̀sà pẹ̀lú gbogbo agbádá. Isiaq, tí èémí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà bọ̀, kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. "Ilé ọba tó jó, Olóyè," ni ó kígbe, "ẹwà ló bù sí i!"

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ńṣì. Nọ́ọ̀sì Amatullah jáde, ó rí bàbá kan tó tutù, tó ń gbọ̀n, tí wọ́n dì mú lápá méjèèjì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ jókòó síbí, ẹni tó tẹ̀ lé màmá yìí ni yín. Ṣé ẹ ti wá rí? Ṣé ẹ ní káàdì?"

"Ìwọ! Ṣé o ò mọ̀ mí?"

Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọn, ó tún wo ara ògiri. "Há! Ẹ̀yin lẹ wà nínú kàlẹ́ńdà! Ẹ má bínú sà, fọ́tò yẹn mọ́lẹ̀ jù yín lọ."

"Nọ́ọ̀sì," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabina wí, "ọdún mélòó lẹ ti wà níbí?"

"Ọdún mọ́kànlá, mà."

"Ẹ ti rí wọn rí?"

"Àfi lórí kàlẹ́ńdà, mà."

Ẹsẹ̀ Olóyè yẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àṣehàn o, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga débi pé Nọ́ọ̀sì Amatullah wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Dókítà Ògúnmọ́lá jáde wá, ó wò ó, ó sì yí padà sí Táwà. "Aláìsàn tìrẹ ni. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Mo mọ ohun tí èmi ìbá ṣe fún oòrùn yẹn, àmọ́ èmi kì í ṣe dókítà. Táwà fa àga, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ mí, sà. Ẹ rọra mí. Ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀?"

"Rárá."

"Ta lẹ̀ ń bá gbé nílé?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àwọn ọmọ ti lọ sókè òkun. Isiaq ló máa ń yà wá kí mi."

"Kí ló dé tí àyà yín ń já báyìí, sà?"

"Ẹ̀rù omi ń bà mí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Láti kékeré ni. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, mo káàánú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó yá ni mo rántí ọ̀rọ̀ àgbàdo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabina wà ní ìta, ìwé kékeré tí àtẹ ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Amatullah ló sọ fún un nípa rẹ̀, ó sì ní kí Dókítà Ògúnmọ́lá yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé Táwà, ó ń fi ọjọ́ wé ọjọ́. Níbi tí Olóyè ti tẹ O KÁRE fún ìbejì oṣù Kẹta, ohun tí Bàbá kọ rèé: *Táwà yára jù níbi ọmọ kejì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbọ́.* Fún ẹsẹ̀ apẹja: *Ó rán an dáadáa, ṣùgbọ́n kò bi í bóyá ó rí ẹni bá a wa ọkọ̀ délé. Mo sọ fún un.* Oṣù Kẹsàn-án: *Lónìí, kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti bèèrè.* Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, àṣìṣe ló pọ̀ níbẹ̀, àti bí àṣìṣe náà ṣe ń dín kù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ jígí, ó nu ojú. "Dókítà Táwà, wá. Ẹni tó bá kọ́ èèyàn ló mọ àṣìṣe rẹ̀. Ọdún méjì rẹ dúró. Orúkọ bàbá yìí la máa kọ sí i. Ilé ìwòsàn yìí á sì máa kọ́ èèyàn lọ. Ìwọ lọ múra ìdánwò."

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Táwà kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá, tí Bàbá sì ń sọ pé, "Dìde, dìde, aláìsàn rẹ ń dúró dè ọ́."

Lẹ́tà tí wọ́n fi yọ Olóyè nípò dé lọ́sẹ̀ kejì. Ìlà mẹ́ta péré ni. "Bọ́dúndé Adéjìmí" ni wọ́n kọ sókè rẹ̀, oyè kankan kò sí níbẹ̀, mo sì gbọ́ pé ìyẹn ló dùn ún jù. Ní Ṣómólú, Ràmọ́nù gba ìyókù kàlẹ́ńdà padà. Ẹ̀yìn wọn funfun, ìwé náà sì nípọn, nítorí náà ó ń gé e fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ, lẹ́tà kò tíì dé. Táwà kọ ohun tó ṣe sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: *Bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìfúnpá gíga. Ìbẹ̀rù.* Olóyè rí ìwé tó ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ àpò tútù, ó fa bírò aláwọ̀ ewé yọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabina rọra gba ìwé náà kúrò níwájú rẹ̀, ó gbé e fún Dókítà Ògúnmọ́lá.

"Ẹni tó dúró tì í," ni ó wí.

Bàbá fọwọ́ sí i.

Lórí bẹ́ńṣì níta, Isiaq fa ìwé àpò rẹ̀ yọ, nítorí àṣà ò ṣeé fi sílẹ̀ lójijì. Ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́: *Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì: Olóyè Dókítà Bọ́dúndé Adéjìmí wà ní Ìdí-Ọsàn.* Láti ìgbà tí Olóyè ti gbé òǹtẹ̀ náà, ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ìwé Isiaq àti ìwé Táwà bára mu. Ti Táwà kàn fi kún un pé bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni.